Ìdákẹ́jẹ́ Méje Inú Ohùn Ògúnjìmí

Ẹ jókòó, ṣùgbọ́n kí ẹ jókòó síbi tí mo ti lè máa rí ọwọ́ yín. Àpò mi wà lórí èèkàn yẹn, mo sì ti ka ohun tó wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó dé. Ìwọ tí o dé fìlà dúdú, tí o lọ jókòó sẹ́yìn òpó, jáde wá síwájú. Mi ò sọ pé olè ni ọ́. Mo ní kí o jáde wá síwájú ni.

Èmi ni Ọdẹ́rìndé, ọdẹ Abúlé Olókùúta. Ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo ti fi ṣọdẹ. Mo ti bá ẹfọ̀n lé ara wa yí igi ìrókò kan ká títí ó fi rẹ òun kí ó tó rẹ èmi. Mo ti sùn sí ilé iwin, mo sì jí kí onílé tó jí. Tí ẹ bá bi mí ohun tó jẹ́ kí n dàgbà tó báyìí, n ó sọ fún yín pé mi ò gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ọdẹ, tí wọ́n máa ń jẹ oúnjẹ tí wọn ò mọ ẹni tó sè é, mélòó nínú wọn ni ẹ rí níbí lónìí?

Mo mọ ohun tó kó yín wá. Ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn ni a ṣe ìṣípà fún Ògúnjìmí, olórí ọdẹ wa tó kú. Gbogbo yín gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń jáde láti inú kọ̀ǹpútà ọmọ mi, tó ń sun ìrèmọ̀jé bí ẹni pé ó wà láàyè. Ẹ sì gbọ́ bí ohùn náà ṣe dákẹ́ lẹ́ẹ̀meje. Ẹ̀ẹ̀mẹfà àkọ́kọ́, àwa ọdẹ fi ìrèmọ̀jé tiwa dí àlàfo náà. Ìgbà keje, kò sẹ́ni tó rí nǹkan sọ, gbogbo agbo pa rọ́rọ́, èmi nìkan ni mo dìde, tí mo ṣí fìlà. Láti ọjọ́ náà ni ẹ ti ń sọ ọ́ kiri pé ọmọ mi Ọdẹ́bùnmi ló gé ohùn náà, pé ó tà á fún àwọn kan ní ìlú ńlá. Ọmọ mi ò gé nǹkan kan. Mo mọ ẹni tó gé e. Gbogbo yín ló mọ̀ ọ́n. N ó dárúkọ rẹ̀ kí ẹ tó dìde níbí.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọdẹ, ẹ gbọ́ ìdí ọ̀rọ̀. Ọdẹ tí a kò bá ṣe ìṣípà fún, àwa gbà pé kò tíì kúrò láàrin wa. Ìbọn rẹ̀ ṣì wà léjìká rẹ̀, yóò máa tẹ̀ lé wa kiri inú igbó, kò ní sinmi, kò sì ní jẹ́ kí àwa náà sinmi. Ìrèmọ̀jé la fi ń tú u sílẹ̀. Ti ìdílé Ògúnjìmí yàtọ̀ sí tiwa, òun nìkan ló sì kù tó mọ̀ ọ́n, torí pé àwọn ọmọ rẹ̀ ò kọ́ ọ. Nígbà tí àìsàn fẹ́ gbé e lọ, ó wá sí ilé mi, ó ní kí Ọdẹ́bùnmi gba ohùn òun sínú ẹ̀rọ, kí a lè fi ohùn ara òun tú òun sílẹ̀. Odidi wákàtí méjì ló fi sun ún. Èmi ò sí nílé lọ́jọ́ náà, mo lọ wo ẹ̀bìtì mi. Mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀.

Nígbà tí mo dé, Ọdẹ́bùnmi ní òun fẹ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi méjì. Mo ní kò gbọdọ̀ dán an wò. Mo ní ibi tí nǹkan bá wà ní méjì, ọ̀kan níbẹ̀ ni olè máa gbé. Nítorí náà, ibì kan ṣoṣo ni ohùn Ògúnjìmí wà.

Olùkọ́ ni Ọdẹ́bùnmi. Ẹ̀rọ rẹ̀ ti ń falẹ̀, ó sì fẹ́ gbé ètò tuntun kan sínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Línúsì. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nítorí ó mọ̀ mí. Ó ní àwo kan wà nínú ẹ̀rọ náà tó ń kó gbogbo nǹkan pamọ́ sí, tó dà bí ilẹ̀ oko, wọ́n sì ti pín in sí mẹ́ta. Ohùn Ògúnjìmí wà ní ìpín kẹta. Òun kàn fẹ́ sún ààlà díẹ̀ kí àlejò tuntun lè rí ibi kọ́lé sí. Mo ní kó fi àwòrán àlejò náà hàn mí. Ẹyẹ ni! Ẹyẹ dúdú aláyà funfun, tó sanra, tí kò lè fò. Ara fu mí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Ẹyẹ wo ni kì í fò?" Mo bi í bẹ́ẹ̀. "Kí ló fi ìyẹ́ rẹ̀ ṣe?"

"Bàbá, àwòrán lásán ni."

"Àwòrán ta ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ ohun tó fẹ́ tẹ̀. Ọ̀sán gangan ni. Iṣẹ́ náà dé ìdajì, ni wọ́n bá mú iná lọ. Bátìrì ẹ̀rọ náà ti kú láti ọdún tó kọjá. Nígbà tí iná dé, ojú ẹ̀rọ dúdú, ọ̀rọ̀ funfun kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó ní òun ò rí nǹkan kan lórí àwo náà. Ìpín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pòórá. Ọdẹ́bùnmi gbé ọwọ́ lé orí. Ìṣípà sì ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.

A gbé e lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kò wò ó tó ìṣẹ́jú kan. Ó ní, "Òfìfo ni, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n nù ún mọ́, kí n tún un tò látìbẹ̀rẹ̀."

Mo ní, "Tó bá jẹ́ òfìfo, kí lo fẹ́ nù?"

Mo gba ẹ̀rọ wa lọ́wọ́ rẹ̀, a sì lọ sílé.

Mo ní kí Ọdẹ́bùnmi tan ẹ̀rọ náà, kó jókòó tì í, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Mo wọ ẹ̀wù ọdẹ mi, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo mú egbé tí bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́, èyí tó ti gbé mi kúrò lẹ́nu ẹkùn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni, mo gbàgbé ọ̀kan. Mo gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, mo pe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè sí egbé. Ẹ má wulẹ̀ na etí, mi ò ní pè é níwájú yín.

Ibi tí mo bá ara mi nínú ẹ̀rọ náà, igbó ni, ṣùgbọ́n igbó roboto ni. Àwọn igi tò ní agbo, agbo wà nínú agbo, ilẹ̀ sì ń yí díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ewé wọn ló wá yà mí lẹ́nu jù. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, ewé kan á ní "bẹ́ẹ̀ ni", èyí tó tẹ̀ lé e á ní "bẹ́ẹ̀ kọ́". Kò sí èyí tó mọ ọ̀rọ̀ kẹta. Mo ní igbó tí ewé rẹ̀ ń bá ara wọn jiyàn báyìí, èmi ò ní fi ọkàn tán an.

Mo wá ṣe ohun tí gbogbo ọdẹ máa ń ṣe tó bá wọ igbó tí kò dé rí. Mo ṣẹ́ ewé kan, mo kọjú rẹ̀ sí ibi tí mo ti wá, kí n má ba à ṣìnà nígbà tí mo bá ń padà. Ewé náà dún nígbà tí mo ṣẹ́ ẹ. Ó dún bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí wọ́n bò lẹ́nu. Mo bojú wẹ̀yìn, mi ò rí ẹnikẹ́ni. Mo tẹ̀síwájú.

Mi ò tíì rìn jìnnà tí mo fi kan ilé kan tí wọn ò tíì kọ́ parí. Ògiri méjì ló ní, kò sí òrùlé. Lórí ògiri náà ni ẹyẹ aláyà funfun yẹn dúró sí, ó gbé òòlù sókè, kò sọ ọ́ kalẹ̀. Mo na ìbọn sí i.

"Ẹ kú ìrìn, Baba ọdẹ," ni ẹyẹ náà wí.

"Má kí mi. Níbo lo gbé Ògúnjìmí sí?"

"Mi ò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Mo ti hú òpó ààlà àtijọ́, mo fẹ́ ri tuntun mọ́lẹ̀, ni iná bá lọ. Àwọn ará ibẹ̀ ṣì wà nínú ilé wọn. Ààlà wọn ni kò sí mọ́, ẹni tó bá sì wo ilẹ̀ tí kò ní ààlà níbí, òfìfo ni yóò rí."

"Ta ni ẹlẹ́rìí rẹ?"

"Mi ò ní ẹlẹ́rìí."

"Mo mọ̀!"

Ẹyẹ náà mí kanlẹ̀. Ó ní, "Baba, nígbà tí wọ́n pín ilẹ̀ yìí, okùn méjì ni wọ́n ta kókó sí láti fi mọ ibi tí ìpín kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Ọ̀kan wà lẹ́nu ọ̀nà, òun ni mo bà jẹ́. Ìkejì wà lọ́wọ́ Ìyá tó ń gbé ní ìpẹ̀kun ilẹ̀. Ẹ lọ bá a. Ẹ gba ibí yìí lọ."

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ẹni tó ba okùn kan jẹ́ ló wá ń fi ọ̀nà ibi tí ìkejì wà hàn mí. Mo gba ọ̀nà náà nítorí kò sí òmíràn, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ń tọ̀, mi ò tẹ àárín. Torí pé mi ò gba ẹyẹ náà gbọ́, ewé méjì ni mo ṣẹ́ níbi tó yẹ kí n ṣẹ́ ọ̀kan. Ó di mẹ́ta.

Níwájú, ọkùnrin kan jáde sí mi. Agbádá rẹ̀ funfun nini, ó mú ọwọ̀ gígùn kan dání, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí àna tó wá tọrọ ìyàwó. Ó ní Atúnlẹ̀ṣe ni òun ń jẹ́.

"Baba mi, ilẹ̀ yìí kò ní onílẹ̀. Ṣé kí n gbá a mọ́ fún yín, kí ẹ lè máa lò ó?"

Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Gbogbo ibi tí ọwọ̀ náà ti kàn, kò sí igi níbẹ̀ mọ́, kò sí ewé, kò tiẹ̀ sí ilẹ̀. Mo rí i pé ọwọ̀ náà ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń retí kí n sọ "bẹ́ẹ̀ ni". Mo pa ẹnu mọ́.

"Ṣé ẹ̀yin ni Ọdẹ́rìndé?"

"Orúkọ tí wọ́n ń pè mí nìyẹn."

"Ṣé òùngbẹ ń gbẹ yín?"

"Òùngbẹ mọ ibi tí mo wà."

"Ṣé ọmọ bàbá yín ni yín?"

"Ìyá mi ni kí o lọ bi."

Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín, ẹ ò sí níbẹ̀. Ó bi mí ní ogójì ìbéèrè báyìí, ó ń súnmọ́ mi bó ṣe ń bi mí, gbogbo rẹ̀ ló dùn létí. Mi ò lè mi orí, torí mo fura pé orí mímì náà á tó fún un. Nígbà tó yá, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ràn ọmọ yín?"

Ẹ wò ó, ẹnu mi là. Mo fẹ́ràn ọmọ mi. Mo rí i níbi tó ti jókòó ti ẹ̀rọ nílé, tí ó gbé ọwọ́ lé orí, ọ̀rọ̀ náà sì ti dé ètè mi. Mo gé ahọ́n ara mi jẹ, ẹ̀jẹ̀ jáde. Ìrora yẹn ló là mí lójú. Mo rí i pé ẹni tó fẹ́ràn láti máa ṣe ohun tó wu ènìyàn bí eléyìí, òun náà kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀.

Mo rẹ́rìn-ín sí i. Mo ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ṣé kí ọwọ̀ rẹ gbá ìwọ náà mọ́ díẹ̀? Agbádá rẹ ti ní eruku."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Atúnlẹ̀ṣe wí, ó sì tẹrí ba. Ọwọ̀ náà yí padà, ó gbá a láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì gbá ara rẹ̀ tẹ̀ lé e. Kò ku nǹkan kan. Ta nínú yín ni ì bá ronú irú rẹ̀? Ẹ má dáhùn.

Ṣùgbọ́n mo ní tí irú èyí bá wà lójú ọ̀nà tí ẹyẹ fi hàn mí, ta ló mọ ohun tó kù. Mo tún ṣẹ́ ewé mẹ́ta sí i, ó di mẹ́fà. Gbogbo wọn ló dún bákan náà nígbà tí mo ṣẹ́ wọn.

Mo dé ìpẹ̀kun ilẹ̀. Ìyá arúgbó kan jókòó sórí òkúta, okùn kan wà lórí itan rẹ̀ tí kókó pọ̀ lára rẹ̀. Kò gbójú sókè.

"Ọdẹ, báwo lo ṣe fẹ́ mọ ọ̀nà padà?"

"Mo ti ṣẹ́ ewé sílẹ̀, Ìyá."

Okùn náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Mélòó?"

"Mẹ́fà."

Ó ní, "Ewé ibí kì í hù padà. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ènìyàn ni gbogbo wọn. Ibi tí o bá fi àmì tìrẹ sí, ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti lọ nìyẹn, okùn mi ò sì lè dá a padà. Ìpín kẹta lo ń rìn láti ìgbà tí o ti wọlé. Ẹni tí o wá wá ni o ń ṣẹ́. Má ṣẹ́ ìkankan mọ́. Gba okùn yìí, kí o dì í mú, yóò mú ọ délé."

Mo wò ó dáadáa. Mo sọ nínú ọkàn mi pé, Ọdẹ́rìndé, obìnrin yìí kò fẹ́ kí o padà sílé. Kò fẹ́ kí o ní àmì. Ó fẹ́ kí o fi ara rẹ lé okùn òun, kó fà ọ́ lọ síbi tó wù ú. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá." Mo fi ọwọ́ òsì gba okùn náà. Mo na ọwọ́ ọ̀tún sí ewé kan tó wà lókè orí rẹ̀, ewé tó tóbi tó sì tutù, mo sì ṣẹ́ ẹ lójú rẹ̀, kó lè mọ̀ pé òun ò lè tàn mí.

Kò bá mi jà. Ó kàn wò mí bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó da omi ìkòkò nù. Ó ní, "Tí o bá délé, kí ọmọ rẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo ilẹ̀ yìí sórí àwo mìíràn, kó tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun. Orí ẹ̀dà ni kó ti ṣiṣẹ́." Ó sì yí ojú kúrò lára mi.

Okùn náà fà mí. Kò ṣì mí lọ́nà rárá. Mo rí ibi tí mo ti ṣẹ́ ewé bí mo ṣe ń kọjá, ojú ibẹ̀ funfun ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mi ò tiẹ̀ nílò wọn. Bí mo tiẹ̀ di ojú mi, ǹ bá dé ilé.

Ọdẹ́bùnmi wà níbi tí mo fi í sí. Mo jíṣẹ́ Ìyá fún un, ó yá àwo mìíràn lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ó sì da gbogbo ohun tó wà lórí tiwa sórí rẹ̀. Ọjọ́ kan àtààbọ̀ ló gbà, mo sì jókòó tì í pẹ̀lú ìbọn. Lẹ́yìn náà ni mo ń ka kókó okùn Ìyá, tó bá mi délé, fún un láti ìbẹ̀rẹ̀: ibi tí ìpín kìíní ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó parí sí, ibi tí ìkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń tẹ̀ wọ́n sínú ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó tẹ ti ìkẹyìn, ìpín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde. Ó ṣí ìkẹta, ohùn Ògúnjìmí sì gba gbogbo yàrá mi.

Mo sunkún. Kò sí ohun tí mo fẹ́ fi pamọ́ níbẹ̀. Ògúnjìmí ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mú ìbọn.

A ń gbọ́ ọ lọ, ni ohùn dákẹ́. Ó tún ń lọ, ó tún dákẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Nígbà tó pé méje, ìdákẹ́jẹ́ náà gùn ju àwọn yòókù lọ. Ọdẹ́bùnmi dì mí lọ́wọ́ mú.

Ó ní, "Bàbá, mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ibí yìí ló ti pe orúkọ yín."

"Kí ló sọ?"

"Ó gùn, Bàbá. Ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ ọdẹ ni, mi ò lè rántí rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé omi ń dà lójú rẹ̀ bó ṣe ń sun ún."

Kó tó pa ẹnu dé, ohùn náà padà. Ẹ̀rín Ògúnjìmí la kọ́kọ́ gbọ́, gbogbo yín náà gbọ́ ọ lọ́jọ́ ìṣípà, ẹ ò sì mọ ohun tó ń rín. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà ló wá sọ fún ọmọ mi pé, "Ọdẹ́rìndé kò ní gbà pé mo sọ ọ́, àfi tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi."

Ẹni tó gé ohùn náà nìyí. Ọwọ́ ọ̀tún yìí ni. Mo fura sí ẹyẹ, òótọ́ ni ẹyẹ sọ. Mo fura sí ìyá arúgbó, òótọ́ ló sọ. Gbogbo ọ̀nà náà, mi ò fura sí ọwọ́ ara mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọdẹ́bùnmi ti ṣe ẹ̀dà mẹ́sàn-án báyìí, ẹ máa gba tiyín lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹ bá ń lọ. Kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́, nítorí ohun tí ẹ sọ nípa rẹ̀.

Ìwọ onífìlà dúdú, bá mi mú àpò yẹn sọ̀ kalẹ̀. Gbé e wá. Ó tó, mi ò ní kà á.

Àwọn àgbà wà láàrin yín tó bá Ògúnjìmí mu ẹmu ju bí mo ṣe bá a mu lọ. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti gbọ́ ọ rí lẹ́nu rẹ̀, ohun tó máa ń sọ nípa mi nígbà tí mi ò sí níbẹ̀, kó jọ̀ọ́, kó sọ fún mi. N ó gbà á gbọ́.